Inú Ilé Ni Ẹ̀kọ́ nípa Ẹbí Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Kéékèèké ní Ìbàdàn

Lára ògiri ọ̀pọ̀ kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàdàn, àwòrán ẹbí kan náà ni ẹ ó máa rí: bàbá kan, ìyá kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, gbogbo wọn dúró síwájú ilé tó dá wà láàárín ọgbà. N kò bá irú ẹbí bẹ́ẹ̀ jà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé nínú rẹ̀, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a gbé e ka iwájú ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún bí ẹni pé òun nìkan ló ń jẹ́ ẹbí. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Òjé, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà kiri, yóò wo àwòrán náà títí, kò ní rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé inú ilé tí ọmọ ti jí láàárọ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa ẹbí ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó ṣí ìwé kankan.

Nítorí náà, nígbà tí a bá kan ẹ̀kọ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, n kì í kọ́kọ́ bi ọmọ pé ta ni bàbá rẹ̀ tàbí iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ bí bàbá kò bá sí nílé, tàbí bí ìyá bá ti ṣaláìsí. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: Ta ni ẹ jọ sùn lálẹ́ àná? Ta ló wẹ̀ fún ọ láàárọ̀ yìí? Ta ló bu oúnjẹ fún ọ? Ta lo kí kí o tó jáde nílé? Kò sí ọmọ tí kò ní èsì sí ìbéèrè wọ̀nyí, kò sì sí èsì tó lè dójú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ pé ọmọ kan àti òbí rẹ̀ méjèèjì ń gbé yàrá àti pálọ̀ ní Agbówó, pé òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pé òmíràn ń gbé nínú agbo ilé ńlá níbi tí ìyàwó ilé mẹ́ta ti ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá ya ilé wọn. Ọmọkùnrin kan wà tí ó kọ́kọ́ fa ìlà gígùn méjì gba àárín ìwé kọjá, tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ìyá àgbà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ tó pọn ọmọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń du rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí ó fi pẹ́ńsù dúdú kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nítorí epo ọkọ̀. Nígbà tí ojú ìwé kún, ó yí i padà, ó ń yà wọ́n lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ó fi ìka tọ́ bàtà méjì tó yà sí ẹnu ilẹ̀kùn hàn mí, ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, wọ́n wà ní yàrá."

Ọmọ yẹn kò nílò kí n kọ́ ọ ní ohun tí ẹbí jẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti ràn án lọ́wọ́ kí ó lè to ohun tí ó ti mọ̀, kí ó sì mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà láàárín gbogbo wọn: ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ni àbúrò rẹ̀, ta ni kò gbọdọ̀ fi "ìwọ" bá sọ̀rọ̀, ta ni ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ kí, ta ló sì yẹ kí òun náà máa tọ́jú. Ọ̀rọ̀ ọbàkan àti iyèkan kò tí ì yẹ fún ọjọ́ orí yìí, mo sì máa ń rọ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nínú ilé olórogún, ọmọ kékeré lè máa bá ọmọ ìyá rẹ̀ kejì ṣeré láìmọ̀ pé ìyá wọn yàtọ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé ilé ìwé ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Orúkọ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bí ẹ bá sì fara balẹ̀ wo rẹ́jísítà kíláàsì kan ṣoṣo, ìtàn ọ̀pọ̀ ilé wà níbẹ̀. Àyàn ń bẹ níwájú orúkọ àwọn ọmọ onílù, Ọdẹ níwájú orúkọ àwọn ọmọ ọdẹ, Ọ̀jẹ́ níwájú orúkọ àwọn ọmọ eléégún, Ifá tàbí Awo níwájú ti àwọn ọmọ babaláwo, Ògún níwájú ti àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn jagunjagun. Àwọn ọmọ tó mú orúkọ wọn tọ̀run wá náà wà níbẹ̀: Táíwò àti Kẹ́hìndé, Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn, Ìgè tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí tó da ojú délẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, Òjó àti Àìná tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn. Inú ọmọ tó ń jẹ́ Àjàyí máa ń dùn gidigidi nígbà tí ó bá gbọ́ pé ọ̀nà tí òun gbà wáyé ni wọ́n fi sọ òun lórúkọ, àwọn yòókù á sì máa bẹ̀ mí pé kí n sọ ti àwọn náà fún wọn. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ bi àwọn ará ilé wọn, kí wọ́n sì mú èsì wá lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ìdílé kan ti pa orúkọ wọn dà, tí ẹni tó ń jẹ́ Ògún tàbí Ifá tẹ́lẹ̀ ti fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn tí wọ́n gbà. Ẹ̀tọ́ wọn ni, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Àmọ́ bí òbí bá bi mí léèrè, mo máa ń sọ pé ó dára kí ọmọ mọ orúkọ tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ṣe, kódà bí òun kò bá ní jẹ́ orúkọ náà láéláé. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti inú Bíbélì náà ní ìtàn tiwọn: ta ló sọ wọ́n lórúkọ, ta ni wọ́n fi sọ, orúkọ wo ni ìyá ìyá wọn tún fún wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí kò dé inú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Orúkọ tí ìyàwó ilé ń pe ọmọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú agbo ilé, ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀ tó bá nílé, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì; yóò wá orúkọ mìíràn tó fi ìfẹ́ hàn fún un, irú bí Akọ̀wé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Dúdúyẹmí, tàbí kí ó kàn pè é ní "ọkọ mi". Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ ka gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ka orúkọ mẹ́fà láìdánudúró, ó sì ń dárúkọ ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí èèyàn mẹ́fà dìídì wá orúkọ fún ti mọ̀ pé òun jẹ́ ẹnì kan láyé kí olùkọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Oríkì ló tẹ̀ lé e. Oríkì àbísọ kò ṣòro, nítorí Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Àdùnní ṣì wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà dáadáa. Oríkì orílẹ̀ ni iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí tí a jọ ń sọ̀rọ̀ kò mọ̀ ju ìlà méjì tàbí mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Inú kíláàsì ni a ti ń gbọ́ ọ pọ̀. Ẹ ò rí i bí ojú ọmọ ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀ láti ìlú mìíràn, tí ó ń kì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀! Ọmọ Ọ̀fà á gbọ́ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọmọ Ìkòyí á gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ ni àwọn baba ńlá òun. A kì í ní kí wọ́n há gbogbo rẹ̀ sórí. Ìlà mẹ́ta tó bá wù wọ́n tó.

Àwọn òbí kan máa ń kọ̀, tí wọ́n á ní ìbọ̀rìṣà ni oríkì. Mo máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé púpọ̀ nínú oríkì orílẹ̀ jẹ́ ìtàn ìwà, iṣẹ́, ogun àti ìlú tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá, pé wọ́n sì lè yan ibi tí ọkàn wọn gbà. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀ síbẹ̀, ọmọ wọn á sọ ìtàn orúkọ rẹ̀ dípò oríkì. N kò ní gba kí ẹ̀kọ́ tó wà fún fífi ọmọ mọ ilé rẹ̀ di ohun tí yóò dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé náà.

Ohun kan wà tí oríkì máa ń tú síta ní Ìbàdàn, tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn kan lára àwọn Ẹ̀gbá, dó sí ìlú yìí, tí ibùdó ogun sì di ìlú ńlá tó ń gba ẹni gbogbo tí ogun lé kúrò nílé. Agbo ilé sì ń gbèrú yí àwọn olórí ogun ká, tí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà ń wá sábẹ́ wọn, tí ọmọ àti ọmọọmọ wọn sì di ará ilé. Títí di òní, Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn oyè ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, títí tí yóò fi dé ipò Olúbàdàn. Nítorí náà, bí ogún ọmọ bá sọ ibi tí oríkì wọn ti wá, ẹ ó gbọ́ Ọ̀fà, Ìkòyí, Ìrẹsà, Òwu, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú lẹ́nu àwọn ọmọ tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní ọmọ Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún wọn, lọ́rọ̀ tó lè yé wọn, pé kò sí ilé kan nínú ìlú yìí tí kò ti ibì kan wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń pe ọmọ Haúsá láti àdúgbò Sábó, ọmọ Ígbò, ọmọ Ẹbira àti ọmọ Ègùn síwájú, kí wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀ nílé wọn. Sábó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1916, àwọn ìdílé kan níbẹ̀ sì ti pẹ́ ní ìlú yìí ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń pè wọ́n ní àlejò lọ. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtàn oríkì, kò sí ọmọ tí yóò sọ fún ẹlòmíràn pé "ìwọ kì í ṣe ará ibí", nítorí gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti wá tán ni. Inú oríkì Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni ó wà pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí a máa ń kọ sára pátákó ní ọjọ́ náà.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí. Ogun tó dá ìlú yìí sílẹ̀ kó ẹrú, ó sì sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ìwọ̀fà, àwọn agbo ilé kan sì wà tí wọ́n mọ ẹni tó ti ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé láàárín wọn. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ wádìí rẹ̀ lẹ́nu ọmọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òbí kan fi ìtàn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí kíláàsì nípa ilé ẹlòmíràn. Ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ nìkan ni a ń gbà.

Bí ilé bá ti yé ọmọ, ojú pópó ló kù. A máa ń kọ ìwé sí òbí, a ó gba àṣẹ, lẹ́yìn náà a ó to àwọn ọmọ ní méjì méjì, a ó sì rìn yí àdúgbò ilé ìwé ká. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ kí a kó wọn lọ wo Cocoa House lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ilé gíga tí wọ́n parí ní ọdún 1965; ilé tó dára ni, wọn ó ṣì débẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní láti kọ́kọ́ mọ fọkanáísà tó wà lẹ́yìn ògiri ilé ìwé rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti táyà inú bọ omi nínú agbada níwájú wọn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, títí tí afẹ́fẹ́ fi ń hó jáde nínú omi láti ojú ihò tí wọn kò lè fi ojú rí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó mí. Ó wá ní kí ọmọ kan fi ìka dí i, ó sì bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Nígbà tí ọmọ náà dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ní òun mọ ọkọ̀ bàbá náà dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni ó ti máa ń kí àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá ń kọjá, ara èmi náà sì balẹ̀ sí i pé ojú àgbàlagbà kan wà lára wọn lójú ọ̀nà.

Kí a tó jáde, a máa ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kí oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí kíkí ni ọ̀nà tí ọmọ fi ń wọ àárín àwùjọ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́" dára fún ẹni gbogbo, àmọ́ onídìrí á rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré bá kí i pé "Ojú gbooro o", inú ọlọ́jà á dùn bí ó bá gbọ́ "Ajé á wọ igbá o", aláró á sì dáhùn tayọ̀tayọ̀ bí a bá kí i ní "Àrẹ̀dú o". Àwọn oníṣẹ́ kan nínú àdúgbò wa sọ pé ó ti pẹ́ tí ọmọdé ti kí àwọn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà kò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn bá kí èèyàn bí ó ti yẹ, yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti bá àwọn sọ̀rọ̀.

Bí a bá padà dé, a ó ya àdúgbò sórí ilẹ̀ ìta kíláàsì pẹ̀lú ẹfun, a ó fi ìdérí ìgò ṣe ilé, a ó fi okùn aláwọ̀ búlúù ṣe odò. Ní ti odò yìí, iṣẹ́ ilé ni ó máa ń yọrí sí: kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn nípa omíyalé odò Ògùnpa, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí ẹ̀mí àti dúkìá púpọ̀ sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní àárín ìlú ló ní ẹni tó rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń mú èsì wá nípa ibi tí omi dé lára ògiri, ẹni tó gun orí òrùlé, ẹni tó gba àlejò mọ́ra títí omi fi fà. Wọ́n sì máa ń gbọ́ láti ẹnu àwọn àgbà fúnra wọn pé ìdọ̀tí tí wọ́n dà sójú odò wà lára ohun tó dí ọ̀nà omi, tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ wọ́n létí ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Yorùbá ni a fi ń ṣe gbogbo èyí, mo sì mọ̀ pé àwọn ilé ìwé kan ṣì wà tí wọ́n ń na ọmọ tàbí tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Báwo ni ọmọ yóò ṣe fi èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ kò gbọ́ bi í léèrè nípa ilé rẹ̀?

Fún àwọn tó ti kọ̀wé béèrè ọjọ́ orí tó yẹ, ọmọ ọdún mẹ́ta lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkí àti orúkọ àwọn ará ilé. Ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ó lè ya ilé rẹ̀, kí ó sì sọ ìtàn orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí ó ti mọ orúkọ bàbá tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ àdúgbò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù kan, kí ó sì mọ irú ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún bí ó bá sọnù lọ́jà. Ìtàn ìlú àti yíya àdúgbò dára jù lọ láti ọdún mẹ́fà. Ní báyìí, àwọn oríkì tí àwọn àgbà ti fi ránṣẹ́ ni a ń kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn wọn, a ó sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀ kí sáà kẹta tó parí. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ kò bá ní fóònù, kí ó sọ fún wa, nítorí a ti ṣètò láti lọ bá wọn nílé.